Títún ìkànnì òǹkọ̀wé ṣe: ẹ ka ohun tó wà nílẹ̀ kí ẹ tó wó o

Òǹkọ̀wé tó bá fẹ́ tún ìkànnì rẹ̀ ṣe sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi àwọ̀ àti àwòrán. Ibẹ̀ kọ́ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Láti Kàbà, ní ilẹ̀ Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogí, ni mo ti ń kọ̀wé, àwọn tó ń kà á sì fọ́n ká Lọ́kọ́ja, Àbújá, Kàdúná, Èkó, títí dé òkè òkun. Ohun tí iṣẹ́ àtúnṣe yìí kọ́ mi ni pé ẹwà kọ́ ló máa ń sọnù nínú rẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò kà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ló máa ń sọnù: àdírẹ́sì àtijọ́ tí a ti tẹ̀ sẹ́yìn ìwé, ímeèlì, àmì orí lẹ́tà, orúkọ àwọn tó ní ká máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sí àwọn. Ikọ̀ tó mọṣẹ́ lè ṣe ojú-ìwé tó dára fún yín, ṣùgbọ́n wọn ò lè dá ohun tí wọn ò mọ̀ pé ó wà padà.

Nítorí náà, kí ẹ tó pe dìsáínà kankan, ẹ ṣí Excel tàbí ìwé lásán, kí ẹ fa ìlà sí i láti pín in sí mẹ́rin. Ní apá kìíní, ẹ kọ àdírẹ́sì ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan tó wà lórí ìkànnì náà báyìí, lẹ́tà kan kò gbọ́dọ̀ yẹ̀. Ní apá kejì, ohun tó wà níbẹ̀. Ní apá kẹta, ìdájọ́ yín: ó dúró, ó darapọ̀ mọ́ òmíràn, tàbí ó ń lọ. Apá kẹrin ni ti àdírẹ́sì tuntun. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìrántí. Fáìlì tí wọ́n ń pè ní sitemap.xml wà lórí ọ̀pọ̀ ìkànnì, ó sì to àwọn àdírẹ́sì náà sílẹ̀. Google Search Console, irinṣẹ́ tí Google ṣe fún àwọn tó ni ìkànnì, ń fi àwọn tí Google mọ̀ hàn. Bí ẹ bá sì tẹ site: mọ́ iwájú orúkọ ìkànnì yín nínú Google, ẹ ó rí àwọn míì tó ti sá pamọ́.

Search Console yẹn tún ń sọ ohun tó wúlò ju àdírẹ́sì lọ, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn tẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ yín. Òǹkọ̀wé a máa rò pé orúkọ ìwé òun ni wọ́n ń wá. Ó lè jẹ́ àlàyé kúkúrú kan lórí oyè jíjẹ ní Ìjùmú, tàbí oríkì ìlú kan ní Yàgbà, tó kọ tó sì gbàgbé, ló ń mú wọn wá lójoojúmọ́. Irú ojú-ìwé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ikọ̀ kọ́kọ́ máa ń dábàá pé ká yọ, torí kò bá ètò tuntun mu. Ẹ má gbà.

Àdírẹ́sì tó bá yí padà gbọ́dọ̀ ní àtúndarí, èyí tí àwọn oníṣẹ́ kóòdù ń pè ní 301. Ó ń sọ fún fóònù òǹkàwé àti fún Google pé ojú-ìwé náà ti kúrò níbí pátápátá, pé ibi báyìí ló wà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ká máa darí wọn, ojú-ìwé àtijọ́ sí ojú-ìwé tuntun tó bá a mu. Kíkó gbogbo wọn dà sí ojú-ìwé àkọ́kọ́ rọrùn, ṣùgbọ́n ó burú. Ẹni tó ń wá orí kìíní ìwé kan á kàn rí àwòrán ńlá, á sì padà lọ. Google náà á ka irú àtúndarí bẹ́ẹ̀ sí ojú-ìwé tí kò sí mọ́. Ìmọ̀ràn Google ni pé kí a fi àtúndarí sílẹ̀ fún ọdún kan ó kéré tán. Èrò tèmi ni pé ká má yọ ọ́ rárá, nítorí àdírẹ́sì tí a tẹ̀ sẹ́yìn ìwé kò ní yí padà nílé ẹni tó rà á.

Ó tún kan ta ló ni kí ni. Nǹkan mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni orúkọ ìkànnì, àyè orí sáfà (kọ̀ǹpútà tí ìkànnì ń gbé), àti ímeèlì tó ń jẹ́ orúkọ ìkànnì náà. Owó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lè máa gbà, ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì lè máa gbà á. Ẹ mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, iye tí ẹ ń san, àti ọjọ́ tí yóò parí. Orúkọ ìkànnì, ì báà jẹ́ .com tàbí .com.ng, gbọ́dọ̀ wà lórúkọ òǹkọ̀wé, pẹ̀lú ímeèlì àti nọ́ńbà fóònù òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ tó mọ kọ̀ǹpútà ló fi ímeèlì tirẹ̀ rà á, kí ẹ gbà á padà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kóòdù kan wà tí a fi ń gbé orúkọ láti ilé-iṣẹ́ kan sí òmíràn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú àkọsílẹ̀ nìkan ló lè béèrè rẹ̀. Fún .com, bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á tàbí ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e, a sábà máa ń tì í fún 60 ọjọ́ kí a tó lè tún gbé e, nítorí náà ẹ má fi í di ọ̀sẹ̀ tí ìkànnì fẹ́ jáde.

Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, kódà bó bá jẹ́ ọmọ ìyá yín ni dìsáínà. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ Nàìjíríà ti 2022 fi ẹ̀tọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ṣe iṣẹ́, kí ẹ̀tọ́ náà sì tó di ti ẹlòmíràn, ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Ìyẹn ni pé sísan owó fọ́tò kò sọ pé fọ́tò ti di tiyín láti tẹ̀ sẹ́yìn ìwé. Kí àdéhùn sọ iye ojú-ìwé tí wọn yóò ṣe, ìgbà mélòó ni ẹ lè dá iṣẹ́ padà fún àtúnṣe (méjì tó fún iṣẹ́ yìí bí ẹ bá ń kó ọ̀rọ̀ jọ dáadáa), àti ohun tí wọn yóò kó lé yín lọ́wọ́ níparí: fáìlì tí wọ́n fi yàwòrán, ìwé àṣẹ fọ́ǹtì (irú lẹ́tà tí ìkànnì fi ń kọ ọ̀rọ̀), fọ́tò ní ìwọ̀n rẹ̀ gangan, àti páswọ́ọ̀dù alábòójútó. Ètò owó tí mo fara mọ́ ni 40 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà ìbẹ̀rẹ̀, 30 nígbà tí ẹ bá fọwọ́ sí àwòrán, 30 tó kù lẹ́yìn tí gbogbo nǹkan wọ̀nyí bá ti dé ọwọ́ yín. Ẹni tó bá san gbogbo rẹ̀ kó tó gba páswọ́ọ̀dù yóò máa bẹ̀bẹ̀.

Ikọ̀ tó tó fún òǹkọ̀wé kan kò pọ̀: dìsáínà, oníṣẹ́ kóòdù, onífọ́tò, àti olóòtú tó mọ Yorùbá kọ. Ẹnìkan lè ṣe iṣẹ́ méjì, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí oníṣẹ́ kóòdù ṣe olóòtú ara rẹ̀. Kí ẹnìkan ṣoṣo nínú wọn máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín. Ní agbègbè wa, láti Kàbà dé Ìsánlú dé Ẹ̀gbẹ̀, ìpàdé orí fídíò kì í sábà yọrí. Iná lè lọ, nẹ́tíwọ̀kì lè já láàárín gbólóhùn. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí dìsáínà fi àwòrán ojú-ìwé ránṣẹ́ pẹ̀lú nọ́ńbà lára apá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fèsì nọ́ńbà sí nọ́ńbà nínú ìwé kan ṣoṣo. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ lórí WhatsApp dára fún àlàyé, ṣùgbọ́n kò dára fún àdéhùn, torí kò sẹ́ni tó lè wá ọ̀rọ̀ rí nínú rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ má sì sọ pé «kò wù mí» lásán. Ẹ sọ ohun tí òǹkàwé kò ní lè ṣe: «Ẹni tó ń lo fóònù kékeré kò ní rí bọ́tìnnì ìrajà àyàfi tó bá yí ojú-ìwé wálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin.» Dìsáínà mọ ohun tó máa fi ìyẹn ṣe.

Ẹ sọ ìtumọ̀ nǹkan ilẹ̀ wa fún wọn kí wọ́n tó yan àwọ̀. Ẹni tí kì í ṣe ará ilẹ̀ Òkun lè rí aṣọ ìpò ti Bùnú, kí pupa rẹ̀ wù ú, kó sì fi ṣe ẹ̀yìn ojú-ìwé ìwé àwọn ọmọdé. Aṣọ tí a mọ̀ mọ́ ìsìnkú àwọn àgbà olóyè ni. Ẹni tó bá dàgbà ní Bùnú yóò wò ó tìyanu-tìyanu. Ojú-ewé kan tó ṣàlàyé irú nǹkan báyìí, pẹ̀lú fọ́tò, yóò gbà yín lọ́wọ́ àtúnṣe púpọ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí a pẹ́ sí jù ni lẹ́tà wa. Ìkànnì òǹkọ̀wé Yorùbá tó bá ba àmì jẹ́ ti ba ìwé jẹ́. Fọ́ǹtì púpọ̀ ní á, é, ò, torí àwọn èdè Yúróòpù ń lò wọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò ní ẹ, ọ, ṣ. Bí fọ́ǹtì kò bá ní lẹ́tà kan, ẹ̀rọ á lọ mú un nínú fọ́ǹtì mìíràn, ẹ ó sì rí ọ̀rọ̀ kan tí ọ inú rẹ̀ sanra ju àwọn tó kù lọ. Nígbà míì, fọ́ǹtì náà ní lẹ́tà wọ̀nyí, bí a ṣe gbé e wọlé ló fà á. Google Fonts máa ń pín fọ́ǹtì sí ọ̀nà kéékèèké kó lè fúyẹ́. Ìpín tó ń jẹ́ latin nìkan kò ní lẹ́tà wa. Ṣ wà nínú latin-ext, ẹ àti ọ sì sábà máa ń wà nínú ìpín vietnamese, nítorí àwọn ará Vietnam náà ń fi àmì sábẹ́ lẹ́tà méjèèjì. Oníṣẹ́ kóòdù tó bá fẹ́ gbé fọ́ǹtì sórí sáfà yín fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí bó ṣe máa mọ̀ bí ẹ kò bá sọ fún un. Ta ni yóò ronú kan Vietnam nítorí Yorùbá?

Lẹ́tà bíi ẹ́ àti ọ̀ kò ní kóòdù kan ṣoṣo nínú Unicode, ètò tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Lẹ́tà kékeré ẹ́ jẹ́ U+1EB9 tí U+0301 tẹ̀lé. Fọ́ǹtì ló gbọ́dọ̀ mọ ibi tí yóò gbé àmì náà lé. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí sórí lẹ́tà tó kàn. Noto Sans àti Noto Serif ń gbé e síbi tó yẹ, bẹ́ẹ̀ ni Charis, Gentium àti Andika tí SIL, àjọ tó ń ṣiṣẹ́ lórí èdè, ṣe. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Ẹ fún dìsáínà ní gbólóhùn ìdánwò kí ó tó yan fọ́ǹtì, kó sì wò ó ní lẹ́tà kékeré, lẹ́tà ńlá, lẹ́tà tó ki àti èyí tó dagun. Ẹ fi ǹ àti ń sínú rẹ̀, torí wọ́n máa ń gbàgbé wọn: «Ẹgbẹ́ Òǹkọ̀wé Ọ̀ṣọ́ọ̀ṣì ní kí Ṣọlá má ṣe é mọ́, ó ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì.» Gbólóhùn náà kò ní láti ní ìtumọ̀ tó jinlẹ̀, kó ṣáà ti ní àwọn lẹ́tà alámì wa.

Àyè láàárín ìlà náà ṣe pàtàkì. Dìsáínà tó mọ́ ọn lára láti kọ Gẹ̀ẹ́sì lè fi àyè ìlà sí 1.2 (ìyẹn ìlọ́po ìwọ̀n lẹ́tà) fún àkòrí. Fún tiwa, àmì abẹ́ ọ ní ìlà òkè yóò kan àmì orí ọ̀ ní ìlà ìsàlẹ̀, òǹkàwé ò ní mọ èyí tó ni èyí. 1.6 ni mo fọwọ́ sí fún ọ̀rọ̀ inú, 1.4 ó kéré tán fún àkòrí, kí lẹ́tà sì tó 17 tàbí 18 pixel lórí fóònù. Níbi tí àkòrí bá wà nínú àpótí, ẹ wò ó bóyá àpótí náà gé àmì orí Ẹ̀ tàbí Ọ̀ kúrò. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ gan-an, ojú tí kò ka Yorùbá kì í sì í rí i.

Bí ẹ bá ń kó ọ̀rọ̀ láti ìkànnì àtijọ́, ẹ ṣọ́ra fún dátábéèsì (ibi tí ìkànnì ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sí) tí kò sí lórí UTF-8, ọ̀nà ìtọ́jú ọ̀rọ̀ tó gba lẹ́tà wa. Àmì rẹ̀ ni pé ẹ ó rí áº¹ níbi tí lẹ́tà ẹ yẹ kó wà, ẹ ó sì rí á¹£ níbi tí ṣ yẹ kó wà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó máa fi ọwọ́ tún un kọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí oníṣẹ́ kóòdù padà sí ẹ̀dà àtijọ́, kó yí i sí utf8mb4, irú UTF-8 tó pé, bó ti yẹ, kó sì tún kó o wọlé. Ìṣòro míì tó sún mọ́ ọn ni pé ọ̀nà tí a gbà tẹ ọ̀rọ̀ kan náà lè yàtọ̀. Ẹnìkan tẹ lẹ́tà «ẹ» gẹ́gẹ́ bíi lẹ́tà kan, ẹlòmíràn tẹ «e» kó tó fi àmì sábẹ́ rẹ̀. Ojú ò mọ̀ ọ́n, ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n, ẹni tó bá sì wá ọ̀rọ̀ náà kò ní rí i. Kí a sọ gbogbo ọ̀rọ̀ di irú kan, èyí tí wọ́n ń pè ní NFC, kí a tó kó o wọlé.

Ọ̀pọ̀ òǹkàwé kì í tẹ àmì bí wọ́n bá ń wá nǹkan. Àpótí ìwádìí inú ìkànnì gbọ́dọ̀ rí «Ọ̀wọ́rọ̀» fún ẹni tó tẹ «oworo». Bákan náà, ẹ kọ Kàbà àti Kabba sí ojú-ìwé kan náà níbi tó bá bójú mu, torí Kabba ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń tẹ̀ sínú Google. Nínú àdírẹ́sì ojú-ìwé, ẹ má fi àmì sí i rárá: lẹ́tà ẹ inú àdírẹ́sì á di %E1%BA%B9 nígbà tí ẹnìkan bá fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àwọn èèyàn á sì rò pé líǹkì jìbìtì ni. Kí kóòdù ojú-ìwé sọ pé èdè rẹ̀ ni yo, àmì tí ẹ̀rọ fi ń mọ Yorùbá. Ọ̀rọ̀ tí a fi ẹ̀ka-èdè Òwé tàbí ti Yàgbà kọ náà, yo ni.

Ní ti ojú-ìwé fúnra wọn, mi ò ní pẹ́. Ẹni mẹ́ta ló ń wá: ẹni tó fẹ́ ra ìwé, ẹni tó fẹ́ pe òǹkọ̀wé síbi ayẹyẹ tàbí kọ nípa rẹ̀, àti ẹni tó ti ka ọ̀kan tó ń wá èyí tó kàn. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan rí ohun tó wá lẹ́yìn títẹ̀ méjì. Ìwé kọ̀ọ̀kan ní ojú-ìwé tirẹ̀, pẹ̀lú ISBN oní-13 nọ́ńbà, ọdún, iye ojú-ewé, iye owó, àti orí kan tí a tẹ̀ bí ọ̀rọ̀ gangan. Ẹ má fi PDF ṣe orí yẹn, torí lórí fóònù, òǹkàwé á máa fẹ̀ ẹ́, á máa tì í sọ́tùn-ún sósì. Fún àwọn tó fẹ́ kọ nípa yín, ẹ fi ìtàn ayé yín sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ 50, 100 àti 250, àti fọ́tò méjì tí wọ́n lè gbà sílẹ̀, ọ̀kan ní òòró, ọ̀kan ní ìbú.

Níbi ìrajà, ẹ kọ bí ìwé ṣe ń dé ọwọ́ èèyàn. Ọ̀pọ̀ ìwé tó ń jáde láti apá ọ̀dọ̀ wa ń bá mọ́tò lọ láti gáréèjì, ní wébíìlì. Ẹni tó wà ní Àbújá fẹ́ mọ gáréèjì tó ti máa gbà á, ta ló máa san wébíìlì, àti ọjọ́ tí mọ́tò ń lọ. Bí èyí kò bá sí lójú-ìwé, á kúrò láì rà. Bọ́tìnnì káàdì bíi ti Paystack dára, ṣùgbọ́n ẹ fi nọ́ńbà àkáǹtì pẹ̀lú rẹ̀, torí nẹ́tíwọ̀kì lè já láàárín ìsanwó, ọ̀pọ̀ èèyàn sì fọkàn tán ìfowóránṣẹ́ ju káàdì lọ.

Fọ́tò tí fóònù yà lè wúwo tó 4 MB. Bí mẹ́fà irú rẹ̀ bá wà lójú-ìwé àkọ́kọ́, ẹni tó wà lábẹ́ òkè ní Bùnú kò ní dúró dè é. Kí fọ́tò má fẹ̀ ju 1600 pixel lọ, kí a sọ ọ́ di WebP, irú fáìlì àwòrán tó fúyẹ́, kó má ju 200 KB lọ. Kí gbogbo ojú-ìwé àkọ́kọ́ sì wà lábẹ́ 1 MB. Fóònù tó rẹlẹ̀ lówó ni ká fi dán an wò, níbi tí 3G nìkan bá ń wọlé. Kọ̀ǹpútà dìsáínà kì í sọ òótọ́ lórí èyí. Ní ìgbà ọyẹ́, eruku máa ń sọ gbogbo ẹ̀yìn fọ́tò di eérú. Bí ẹ bá fẹ́ kí òkè olókùúta ẹ̀yìn ìlú hàn, ẹ yà á lẹ́yìn òjò, ní òwúrọ̀.

Nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ ìkànnì tuntun, wọ́n máa ń tì í pa mọ́ Google. Nínú WordPress, ètò tí a fi ń kọ́ ọ̀pọ̀ ìkànnì, àpótí kan ni wọ́n ń fi àmì sí nínú ètò kíkà. Bí wọ́n bá gbàgbé láti yọ àmì yẹn lọ́jọ́ tí ìkànnì jáde, ẹ ó parẹ́ kúrò nínú Google díẹ̀díẹ̀, ìkànnì á sì máa ṣí dáadáa lójú yín. Ẹ fi ojú ara yín wo àpótí náà.

Ìṣípòpadà fúnra rẹ̀, ìyẹn gbígbé ìkànnì tuntun sípò ti àtijọ́, òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú ló dára fún un, kì í ṣe ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí gbogbo ikọ̀ á ti lọ síbi òkú tàbí ìyàwó. Ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kí wọ́n dín TTL (iye ìṣẹ́jú-àáyá tí ẹ̀rọ fi ń rántí àkọsílẹ̀ ìkànnì) kù sí 300, ìyẹn ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ìyípadà lè tètè kárí. Kí wọ́n kọ gbogbo àkọsílẹ̀ DNS, èyí tó ń so orúkọ ìkànnì mọ́ sáfà àti ímeèlì, sílẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, pàápàá MX àti TXT tí ímeèlì gbára lé. Bí wọ́n bá yí nameserver, sáfà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ DNS, padà, àkọsílẹ̀ wọ̀nyí kì í tẹ̀ lé e fúnra wọn. Ìkànnì á ṣí, ímeèlì á sì dákẹ́. Lẹ́tà àwọn olùtẹ̀wé á máa padà sọ́dọ̀ wọn, ẹ̀yin á sì rò pé wọn kò kọ̀wé. Láàárín wákàtí kan lẹ́yìn ìṣípòpadà, ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ara yín láti Gmail àti láti Yahoo, kí ẹ sì fèsì.

SPF, DKIM àti DMARC, àwọn ẹ̀rí pé ọ̀dọ̀ yín ni ímeèlì ti wá lóòótọ́, wà nínú àwọn àkọsílẹ̀ TXT yẹn. Láti oṣù kejì 2024 ni Gmail àti Yahoo ti le sí i lórí wọn, nítorí náà ìròyìn tí ẹ bá fi ránṣẹ́ sí òǹkàwé láìsí wọn lè bọ́ sínú spam. Orúkọ àwọn òǹkàwé yẹn, ẹ gbà á sílẹ̀ bíi CSV, fáìlì tí Excel lè ṣí, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Òfin ààbò dátà ti 2023 kan òǹkọ̀wé náà: ẹni tó fún yín ní ímeèlì nítorí ìwé kan kò tíì gbà kí ẹ fún ilé-iṣẹ́ míì.

Ní oṣù àkọ́kọ́, ẹ máa wo Search Console lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún àwọn àdírẹ́sì tó ń mú 404 (àmì pé ojú-ìwé kò sí) wá, kí ẹ sì fi àtúndarí kún un. Ìwé ẹ̀rí ààbò Let's Encrypt, èyí tó ń jẹ́ kí https ṣiṣẹ́, kì í lò ju 90 ọjọ́ lọ. Ó yẹ kó máa sọ ara rẹ̀ dọ̀tun, ṣùgbọ́n ẹ wò ó lẹ́yìn oṣù kẹta, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe inú ètò rẹ̀ ti máa ń hàn. Kí ẹ̀dà ìpamọ́ fáìlì àti dátábéèsì wà ní ibi méjì tí kì í ṣe sáfà náà, kí oníṣẹ́ kóòdù sì fi ọ̀kan nínú wọn gbé ìkànnì dìde níṣojú yín kó tó gba owó ìparí. Orúkọ .com ṣeé san tó ọdún mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá kọjá àkókò rẹ̀ tí ẹ kò san, bó bá pẹ́ díẹ̀, á wọnú 30 ọjọ́ ìràpadà tí owó rẹ̀ ga, lẹ́yìn ìyẹn ẹnikẹ́ni lè rà á. Káàdì báńkì sábà máa ń kú kí orúkọ tó parí, nítorí náà ẹ san ọdún mẹ́ta tàbí márùn-ún ṣíwájú, kí ẹ kọ ọjọ́ ìparí rẹ̀ sínú ìwé tí ẹ fi ka àwọn ojú-ìwé níbẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì fi ibi tí páswọ́ọ̀dù wà han ẹnìkan nínú ẹbí tí yóò lè máa san án nígbà tí ẹ̀yin kò bá sí.